Eruku Nìkan Kò Tó

Olùtumọ̀ lè pe gbogbo ohun tí ń ba afẹ́fẹ́ Èkó jẹ́ ní eruku. Orúkọ náà kò kájú ọ̀rọ̀. Ọyẹ́ ní í gbé eruku ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àti Ìkòyí àti Agége ni ó ń bà lé. Èéfín ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń rú, ẹ̀bá títì ni ti ọkọ̀ sì ti ń pọ̀ jù. Èyí tí ìbú rẹ̀ kò ju 2.5 nínú ìdá 1,000 mìlímítà kan lọ, ojú kò rí i, ó sì ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ “eruku” yóò gbálẹ̀, yóò rò pé ewu tán. “Èérún-inú-afẹ́fẹ́” ni ó yẹ, ìbáà jẹ́ ti eruku tàbí ti èéfín. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ó ní èérún.