Bengaluru: Ẹni Da Omi Síwájú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Bí a bá ń wá ìlú tí òwe yìí ti ṣẹ sí lára ní ọ̀nà méjèèjì, ní ti rere àti ní ti búburú, ẹ jẹ́ kí a yí ojú wa sí Bengaluru, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Karnataka ní ilẹ̀ Íńdíà. Bangalore ni àwọn Òyìnbó ń pè é, kí ìjọba tó dá orúkọ rẹ̀ padà fún un ní ọdún 2014. Lóde òní, bí a bá ti dárúkọ ìlú yìí, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti ọ̀rọ̀ owó ni ó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. A kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé àwọn tí ń yin ìlú náà kì í sábà bèèrè ibi tí ọrọ̀ rẹ̀ ti ṣẹ̀, wọn kì í sì í bèèrè ibi tí omi mímu rẹ̀ ti ń wá.

Orí ilẹ̀ gíga tí ó tẹ́jú ní gúúsù Íńdíà ni Bengaluru wà, ní ìwọ̀n 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè ju ojú òkun lọ. Nítorí èyí, ara tu àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ju àwọn ará etí òkun lọ. Níbẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ibùdó wọn sí ní ọdún 1809, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun Tipu Sultan. Ṣùgbọ́n kò sí odò ńlá kankan tí ó la ìlú náà kọjá. Kempe Gowda, olórí tí ó mọ odi amọ̀ tí ó sì tẹ ìlú náà dó ní 1537, mọ èyí dájú. Òun àti àwọn tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ fi erùpẹ̀ dí àwọn àfonífojì, wọ́n sì sọ omi òjò di adágún. Bí adágún kan bá kún, omi rẹ̀ a máa ṣàn lọ sínú èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Báyìí ni ìlú tí kò ní odò ṣe rí omi mu.

Bákan náà ni àwọn aṣáájú ibẹ̀ ṣe da omi síwájú ní ti ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́. Ní 1905, iná mànàmáná tí a fi agbára odò Kaveri ṣe ti ń tàn ní ìgboro, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ní Éṣíà ṣì ń tan fìtílà. Ní 1909, a dá ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ níbẹ̀. Jamsetji Tata, oníṣòwò pàtàkì, ni ó kọ́kọ́ ro èrò rẹ̀. Ìjọba ọba Mysore sì fi ilẹ̀ tí ó ju 370 éékà lọ ta ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́rẹ. Ní 1940, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Íńdíà gba òmìnira tán ní 1947, ìjọba kò káwọ́ gbera: ilé iṣẹ́ tẹlifóònù dé ní 1948, ti irin iṣẹ́, tí ó tún ṣe agogo ọwọ́ lẹ́yìn náà, dé ní 1953, ti rédíò àwọn ológun sì dé ní 1954. Níbẹ̀ náà ni olú iṣẹ́ àjọ tí ń rán sátẹ́láìtì lọ sí ojú sánmà wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1969.

Ẹ kíyè sí àwọn ọdún wọ̀nyí dáadáa. Ọdún 1983 ni ilé iṣẹ́ Infosys kó wá sí Bengaluru; ọdún 1985 ni Texas Instruments ti Amẹ́ríkà dé. Wọn kò bá aṣálẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó ti kàwé, tí ọwọ́ wọn ti mọ irin, ni wọ́n bá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ pé àwọn onílé-iṣẹ́ aládàáni nìkan ni ó sọ Bengaluru di ńlá, ó gbàgbé ẹni tí ó gbin igi, ó ń kí ẹni tí ó ká èso. Olùkọ́ ti kọ́ ọmọ tán kí ọ̀gá tó wá gbà á síṣẹ́.

Ibi tí oyin bá sì wà ni kòkòrò ń fò lọ. Ní 1951, àwọn ará ìlú náà kò tó 800,000. Nígbà ìkànìyàn 2011, wọ́n ti lé ní 8,400,000. Èdè Kannada ni èdè ìpínlẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ ọjà yóò gbọ́ Tamil, Telugu, Urdu àti Hindi pẹ̀lú. Kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ ni gbogbo wọn. Ogunlọ́gọ̀ obìnrin ni ó ń rán aṣọ ní àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀, àìmọye ọkùnrin sì ni ó ń ru bíríkì tí wọ́n fi ń kọ́ ilé gogoro fún àwọn ọlọ́rọ̀. Gbogbo wọn ni òùngbẹ ń gbẹ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wá di ẹkún. Àwọn adágún tí àwọn baba ńlá wọn gbẹ́ ńkọ́? Orí Dharmambudhi ni ibùdókọ̀ ńlá ìlú wà lónìí. Sampangi ti di pápá ìṣeré. Bellandur ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbin ilé àti ti ilé iṣẹ́ ti bà á jẹ́ débi pé iná jó lójú rẹ̀ ní 2015, ó sì tún jó ní 2017 àti 2018. Ta ni ó ti gbọ́ ọ rí pé adágún ń jóná?

Láti 1974 ni wọ́n ti ń fa omi odò Kaveri láti ìwọ̀n 60 máìlì, tí ẹ̀rọ ń tì í gun òkè tí ó ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Odò náà kì í sì í ṣe tiwọn nìkan: àwọn àgbẹ̀ Tamil Nadu náà ń fi í bomi rin oko, títí ẹjọ́ fi dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ, tí ó dá a ní 2018. Nígbà tí ọ̀dá dá ní 2024, ìjọba fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé nǹkan bí 6,900 nínú àwọn 13,900 kànga ẹ̀rọ tí ó jẹ́ ti ìjọba ni ó ti gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ní oṣù September 2022, nínú ìlú yìí kan náà, àgbàrá kún títì tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi ń gun katakata lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀dá àti àgbàrá, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n: ẹni tí ó dí ojú ọ̀nà omi ni ó bí àwọn méjèèjì.

Ta ni àwọn ará ìlú yóò wá bi léèrè? Sáà ìgbìmọ̀ tí wọ́n dìbò yàn láti ṣe àkóso ìlú parí ní 2020. Ọdún márùn-ún gbáko ni ó sì kọjá láìsí ìbò mìíràn, títí ìjọba ìpínlẹ̀ fi pín ìlú sí márùn-ún ní 2025. Ní tiwa, a kò rí bí ìlú tí ó ní ẹgbàágbèje ọ̀mọ̀wé ṣe lè gba irú èyí. Ẹni tí a kò dìbò yàn kì í bẹ̀rù ìbéèrè ẹni tí omi kò dé ilé rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ìjọba ń gbìyànjú, wọ́n sì tún ṣí iṣẹ́ omi Kaveri mìíràn ní oṣù October 2024. A yìn wọ́n fún ìyẹn, nítorí àwọn abúlé tí a fà mọ́ ìlú jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí wọ́n gbẹ́ àwọn adágún tí ó kù, kí wọ́n dí ojú ẹ̀gbin, kí wọ́n gba ọ̀nà omi padà lọ́wọ́ àwọn tí ó kọ́lé dí i, ìbáà jẹ́ ọlọ́rọ̀, ìbáà jẹ́ olóṣèlú. Òfin tí ó ní kí onílé máa gbe omi òjò ti wà láti 2009. Kí wọ́n mú un ṣẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá tún na àwòrán ilẹ̀ Íńdíà sí iwájú kíláàsì, ẹ fi Bengaluru han àwọn ọmọ, ẹ sì sọ ìtàn rẹ̀ méjèèjì fún wọn. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, bí ẹnikẹ́ni bá dìde níbi ìpàdé tí ó ṣèlérí pé òun yóò sọ ìlú kan di Bengaluru kejì, ẹ bi í léèrè ilé ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ ṣáájú, kí ẹ sì bi í léèrè omi. Ẹni tí ó da omi síwájú ni ó ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tí ó bá da erùpẹ̀ bo omi tí baba rẹ̀ dà sílẹ̀, eruku ni yóò tẹ̀.