Ẹ ka omi yín kí ẹ tó fọ ọkọ̀

Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kẹta, eruku pupa a máa bo gbogbo ohun tí ń rìn lójú ọ̀nà Kétu. Àsìkò yìí ni iṣẹ́ àwọn tí ń fọ ọkọ̀ àti alùpùpù máa ń pọ̀ jù lọ. Onízémíjàn kò fẹ́ kí èrò sá fún ìjókòó tó kún fún eruku. Oníṣòwò fẹ́ wọ ìlú pẹ̀lú ọkọ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n àsìkò yìí kan náà ni omi máa ń ṣọ̀wọ́n. Bí a bá rìn díẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀, a óò rí àwọn ìyá àti àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n to bídọ̀n sílẹ̀, tí wọ́n ń dúró de omi mímu.

Àwọn kan wí pé kí a lé àwọn tí ń fọ ọkọ̀ kúrò nílùú. Èmi kò fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ òótọ́ ni iṣẹ́ wọn. Ó ń bọ́ ilé, ó sì ń rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí a gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ wọn ni pé kí wọ́n máa ka omi wọn bí wọ́n ti ń ka owó wọn.

Ní ọdún kan, ọmọkùnrin kan tó ń fọ alùpùpù wà nínú kíláàsì àwọn àgbà tí mò ń bójú tó. Nígbà tí a dé orí ìṣirò, ó ní: «Olùkọ́, owó ni à ń kà. Ta ní ń ka omi?» Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì, a lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. A gbé bídọ̀n lítà 25 sí ẹnu rọ́bà omi rẹ̀. Ó kún ní ìṣẹ́jú 2. Lẹ́yìn náà, a dúró wò ó bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ṣí omi, ó fọ táyà, ó bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ó wá àkísà lọ, omi sì ń ṣàn. Kí ó tó ti ẹ̀rọ omi náà, ìṣẹ́jú 10 ti kọjá.

A padà sí ojú pátákó. Ìṣẹ́jú 10 jẹ́ bídọ̀n 5, èyí ni lítà 125, fún alùpùpù kan ṣoṣo. A ní kí ó fi korobá fọ èyí tó tẹ̀ lé e. Bídọ̀n 1 péré tó o. Bídọ̀n 4 ni kò lò. Bí ó bá ń fọ alùpùpù 10 lójúmọ́, bídọ̀n 40 ni yóò máa fi pamọ́, èyí ni lítà 1 000. Lítà 1 000 yìí gan-an ni mẹ́tà kúbù 1 tí SONEB ń kọ sínú ìwé owó omi. Ọmọkùnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní: «Àṣé owó mi ni mò ń dà sínú kòtò.»

Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó rẹ̀ nìkan. Àwọn kan máa ń wí pé: «Omi tèmi ni, èmi ni mo sanwó rẹ̀.» Owó lè ra omi tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, kò lè dá omi mìíràn sínú ilẹ̀. Orí ilẹ̀ gíga tó tẹ́jú ni Kétu wà, omi sì jìn lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà wa fi ń gbe omi òjò pamọ́ sínú ìkòkò. Ẹni tó gbẹ́ kànga tirẹ̀ pàápàá, abẹ́ ilẹ̀ kan náà ni òun àti aládùúgbò rẹ̀ ti ń fa omi. Láti ọdún 2010 ni ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ní òfin lórí àbójútó omi, nítorí pé ọ̀ràn omi ju ti ẹnì kan lọ.

Báwo ni a ṣe lè ṣe é? Kí a kọ́kọ́ ha ẹrẹ̀ tó gbẹ kúrò. Kí a gbé ọkọ̀ sábẹ́ ibòji, kí ọṣẹ má baà gbẹ mọ́ ọn lára. Kí a lo korobá méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, èkejì fún omi tó mọ́. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ń lo rọ́bà, kí ó ti ẹ̀rọ nígbà tí ó bá ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Kí a má ṣe da omi ọṣẹ àti epo sẹ́bàá kànga.

Oníbàárà lè rò pé omi púpọ̀ ni ìmọ́tótó. Ẹ ṣàlàyé fún un pé ọwọ́ àti àkísà ló ń yọ ìdọ̀tí. Omi kàn ń gbé e lọ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ, ẹ mú ìwé kan. Ẹ fa ìlà sí i: ọjọ́, iye ọkọ̀, iye bídọ̀n. Ẹ máa kọ ọ́ ní alaalẹ́. Lẹ́yìn oṣù kan, ìwé náà yóò bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin aláṣẹ ìlú, ẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ yìí ní àyè tó jìnnà sí kànga, kí ẹ sì béèrè ìwé yìí lọ́wọ́ wọn.

Àwọn àgbà ní, ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ jẹ́ kí a ka omi náà kí a tó dà á, kí ó lè kù fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa.