Ilé Tuntun Ni Ká Kọ́, Àbí Ilé Tó Ti Wà Ni Ká Rà?

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ gbálẹ̀-gbálẹ̀ ọjà. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Ìgbàkígbà tí èésú bá ti fẹ́ bọ́ sí ẹnìkan lọ́wọ́, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń gbé wá bá wa: ṣé kí n kọ́ ilé tuntun ni, àbí kí n ra èyí tó ti wà nílẹ̀? Ẹnìkan ti rí ilé kan ní Igbókòdà tí olówó rẹ̀ fẹ́ tà kíákíá. Ẹlòmíràn ní òun ò lè gbé inú ilé tí ẹlòmíràn ti gbé, ó fẹ́ kó òpó tirẹ̀ sínú omi, kó ní ilé tuntun tí páánù rẹ̀ ń tàn yanran.

A ti jókòó lé e lórí, a ò sì ní fi èrò wa pamọ́. Ẹni tó bá jẹ́ pé owó ọjà ló fẹ́ fi ṣe é, lójú tiwa, ilé tó ti wà ni kó rà, kó sì jẹ́ lórí ilẹ̀ líle. Ṣùgbọ́n ilé àlòkù náà ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń rà á, bí a ṣe ń yẹ ẹja wò lábẹ́ ẹ̀kẹ́ kí a tó sanwó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Ayétòrò, ṣebí ìlú tiwa ni. Ọdún 1947 ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ ẹ́ dó. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, kò sí ẹni tí kò gbọ́ ìyìn rẹ̀: wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n ń tan iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan àtùpà. Ẹ lọ wò ó lónìí. Òkun ti gbé ilé, ó ti gbé ibi iṣẹ́, ó gbé ibi tí wọ́n sin àwọn baba sí. Àwọn mìíràn tú pákó ilé wọn, wọ́n kó o sẹ́yìn, wọ́n tún un kọ́, omi tún wá bá wọn níbẹ̀. Wọ́n tún tú u. Ní 2004 ni àjọ NDDC gbé iṣẹ́ ìdáàbòbò etí òkun náà jáde, wọ́n sì tún gbé e fún ẹlòmíràn lẹ́yìn náà, síbẹ̀ omi ò dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Kétà tí wọ́n máa ń wá pẹja ní etí omi wa níhìn-ín mọ irú rẹ̀. Ní Kétà tiwọn ní Ghana, ọjọ́ ti pẹ́ tí òkun ti ń gbé ilé wọn. Ọdún 2004 yẹn kan náà ni iṣẹ́ òkúta tí ìjọba wọn kó dí etí òkun parí, tí àwọn tí ilé wọn ti lọ fi rí ilẹ̀ tún kọ́ ilé sí. Ọdún kan náà! Níbì kan wọ́n gbé iṣẹ́ jáde, níbì kejì wọ́n parí rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wa pé ilé tuntun lòun fẹ́, ibi tó fẹ́ kọ́ ọ sí la ó kọ́kọ́ bi í. Ilé tuntun tí ó dúró sójú ibi tí òkun ń bọ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ ti kù díẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i.

Kì í ṣe pé ilé tuntun kò dára o. Obìnrin tó ń yan ẹja mọ ohun tí à ń wí. Ẹni tó kọ́ ilé fúnra rẹ̀ ló lè sọ pé níbí ni ààrò mi yóò wà, kí èéfín má bàa wọ yàrá, kí iná má bàa sún mọ́ ògiri pákó. Òun ló lè gbé ilẹ̀ ilé ga ju ibi tí omi kún dé ní ọdún tó burú jùlọ. Òun ló sì mọ irú igi tó wà lábẹ́ ilé rẹ̀. Ẹ̀kkì àti ọ̀pẹ̀pẹ̀ máa ń pẹ́ nínú omi; arère, bó ti wù kó funfun tó, kó sì rọrùn láti gé tó, iṣẹ́ inú ilé ló wà fún. Káfíńtà tó bá fi arère ṣe òpó inú omi fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó rẹ̀ tán. Kòkòrò kan wà nínú omi iyọ̀ tó máa ń lu igi nínú, ẹ ò ní rí i lóde títí òpó yóò fi kán.

Ìṣòro wa pẹ̀lú ilé tuntun ni pé ó máa ń jẹ owó ọjà láìjẹ́ kí olówó mọ̀. Ẹ ó ra sìmẹ́ǹtì, ẹ ó san owó ọkọ̀ ojú omi tó gbé e, ẹ ó san fún àwọn tó rù ú, bí òjò bá pa á lọ́nà ẹ ó tún òmíràn rà. Yanrìn wà níbí lọ́fẹ̀ẹ́, lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ kún inú yanrìn etí òkun, iyọ̀ yẹn ló ń jẹ irin inú kọnkéré títí tí yóò fi là. Yanrìn tó dára, owó ni. Díẹ̀díẹ̀, owó tí ẹ fi ń ra edé àti púpúrú láti tún tà á wọ inú ìpìlẹ̀, ẹ ó wá máa gba ọjà àwìn lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ń tà fún tẹ́lẹ̀. Ilé kò parí, ọjà kò sí. A mọ obìnrin mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ yìí tó wà nínú rẹ̀ báyìí, a ò ní dárúkọ, àwọn náà ń kà á. Ilé tó ti wà, ní tirẹ̀, iye tí wọ́n bá dá lé e ni iye náà. Ẹ ó mọ̀ bóyá apá yín ká a tàbí kò ká a, ẹ ó sì sun inú rẹ̀ lóṣù yẹn.

Ẹ wá gbọ́ bí a ṣe ń wò ó. Ẹ má lọ wo ilé ní oṣù kejì ọdún nígbà tí gbogbo ilẹ̀ gbẹ. Ẹ lọ ní ìgbà òjò. Bó bá jẹ́ orí omi ló wà, ẹ lọ nígbà tí omi bá kún, kí ẹ tún lọ nígbà tó bá fà. Ibi tí omi ń kún dé tó sì ń fà kúrò lára òpó, ibẹ̀ ni igi ti máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Ẹ fi ọ̀bẹ gún un, bó bá wọlé bíi pé ẹ gún ẹ̀bà, ẹ padà sílé. Bó bá jẹ́ ilé búlọ́ọ̀kù, ẹ wo ẹsẹ̀ òpó kọnkéré dáadáa. Bí ẹ bá rí ìlà tó sán pẹ̀lú àwọ̀ ìpẹtà, irin inú rẹ̀ ti ń lọ nìyẹn, ọ̀dà tuntun ò wo irú àìsàn yẹn sàn. Ọ̀dà tuntun gan-an yẹ kó fu yín lára. Kí ẹ wá bi ará ilé kejì léèrè, kì í ṣe ẹni tó ń tà á, pé kí ló dé tí wọ́n fi ń tà á.

Lẹ́yìn ilé ni ìwé. Ilẹ̀ ẹbí ló pọ̀ jù lágbègbè wa, kì í ṣe ti ẹnìkan. Bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò dúró rárá níwájú òfin. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí gbọ́, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Nítorí náà, kí olórí ẹbí fọwọ́ sí i, kí àwọn àgbà fọwọ́ sí i, kí lọ́yà tí ẹ̀yin fúnra yín mú wà níbẹ̀, kì í ṣe lọ́yà ẹni tó ń tà. Kí ẹ sì bèèrè: ṣé ilé nìkan ni ẹ ń tà, àbí ilé pẹ̀lú ilẹ̀?

Àwa Ìlàjẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé Màrókò l'Ékòó, tí àwọn ènìyàn wa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀. Ní oṣù keje 1990, ìjọba ológun wó o palẹ̀, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni wọ́n ní ó kàn. Ilé wà, ẹni tó kọ́ ọ wà, ẹni tó rà á wà, ìwé tí ìjọba gbà ni kò sí. Ní Makoko náà, oṣù keje 2012, wákàtí 72 péré ni wọ́n fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ń pè l'Ékòó pé ilé olówó pọ́ọ́kú wà létí ọ̀sà, kó rántí èyí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò ní dùn mọ́ àwọn ọkọ wa nínú, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́. Orúkọ ta ni yóò wà lórí rìsíìtì? Láti 1957 ni ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu pé ní àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ọmọ ló ń jogún, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹni tó ṣe ìgbéyàwó kóòtù ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ṣe é? Bí owó èésú yín bá kọ́ ilé, tí orúkọ ọkọ nìkan wà lórí ìwé, ọjọ́ tí ọkọ bá kú, ẹbí ọkọ lè bi yín pé kí lẹ ń wá níbẹ̀. Ẹ lè pariwo pé owó edé yín ni. Edé kì í jẹ́rìí ní kóòtù. Kí orúkọ yín wà níbẹ̀, tàbí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, kí wọ́n kọ iye tí ẹnìkọ̀ọ̀kan mú wá sílẹ̀. Ọkọ tó bá fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ kò ní bínú sí i. Èyí tó bá bínú, ó ti dáhùn ìbéèrè mìíràn fún yín nìyẹn.

Ẹ má fi ìwé sí inú ilé náà nìkan. Ọ̀pọ̀ ilé jóná nígbà ìjà tó wà láàrin àwa Ìlàjẹ àti àwọn ará Àrógbò ní 1998 sí 1999, ilé tó bá sì jóná, ìwé inú rẹ̀ bá a lọ. Ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì méjì, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ọmọ tó wà lókè, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ lọ́yà.

Ẹni tó bá fẹ́ kúrò lórí omi pátápátá, a ò ní dá a dúró, bẹ́ẹ̀ la ò ní lé ẹnikẹ́ni. Ọjà wa wà níbí, ẹja wà níbí. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ilé tó ru owó ńlá wà ní Igbókòdà tàbí Òkìtìpupa, níbi tí òkun ò ti ní bá ọmọ lójú oorun, kí èyí tó wà níbí jẹ́ ilé pákó fúyẹ́ tí a lè tú bí ó bá di dandan.

Láti ìpàdé tó ń bọ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi owó èésú ra ilé, kó mú ìwé rẹ̀ wá kó tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti sanwó. Àwa aláṣẹ yóò bá a kà á, èyí tí kò bá yé wa a ó bá a gbé e dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, owó ọkọ̀ nìkan ni yóò san. Ẹni tí kò mọ̀wé kó má tijú. Kó mú ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sílé ìwé dání.