Bíréèkì Ìjàpá Kó Bàbá Ìyàwó sí Wàhálà

Ta ni ò mọ Ìjàpá láàárín àwọn àgbà? Ọkọ̀ Volkswagen roboto yẹn, tó gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn, tí bùútù rẹ̀ wà níwájú! Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ náà l'Ékòó, lójú ọ̀nà Bádágírì. Wọn ò tò ó níbẹ̀ mọ́. Mexico ló ṣe é kẹ́yìn láyé, ní 2003. Ẹni tó bá wá fẹ́ sọ ògbólógbòó Ìjàpá di tuntun lónìí, kó yáa múra sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ páàtì, pàápàá ti bíréèkì.

Ẹ gbọ́ ti káfíńtà kan n'Ìbàdàn. Bàbá rẹ̀ fi Ìjàpá 1300 sílẹ̀ fún un, ó wà lábẹ́ igi máńgòrò fún ọ̀pọ̀ ọdún, adìẹ ń yé sínú ẹ̀. Nígbà tí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin ku oṣù méjì, ó ní ọkọ̀ bàbá òun ni yóò gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Páńẹ́ẹ̀lì-bítà lù ú, pẹ́ńtà kùn ún, ẹ́ńjìnnì jí, àdúgbò pàtẹ́wọ́. Àfi ìgbà tí wọ́n tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ wọlẹ̀ lọ ràì!

Káfíńtà gbọ̀nà ọjà páàtì ní Gate, lọ́wọ́ òfo. Ọmọkùnrin tó ń tajà gbé ṣuù bíréèkì mẹ́rin lé e lọ́wọ́. "Bàbá, ti Ìjàpá náà ni. Ó máa wọlé dáadáa." Owó jáde. Wọ́n dé ilé, dúrọ́ọ̀mù ò dé e.

Bàbá mẹkáníìkì tó ń bá a ṣe é mú rúlà, ó wọ̀n ọ́n, ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá Ìyàwó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wọn pákó lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó rẹ́ ẹ, ẹ lọ sọ́jà láìmú ti àtijọ́ dání?"

Ìjàpá pọ̀ ju oríṣi kan lọ. Ṣuù iwájú 1300, mílímítà 40 ni fífẹ̀ rẹ̀. Ti 1302 àti 1303, mílímítà 45 ni. Márùn-ún péré, kò tó ìbú ìka ọmọdé, ṣùgbọ́n òun ló mú káfíńtà padà sọ́jà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi ìwé ìròyìn wé ṣuù àtijọ́ dání, wọ́n sì fi wé tuntun lójú ẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ kan ti ń fẹnu fẹ́ eruku inú dúrọ́ọ̀mù. Bàbá mẹkáníìkì jágbe mọ́ ọn. Kì í ṣe ìkanra o. Láínìnì ayé àtijọ́ ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Aṣọ tútù ni wọ́n fi nù ún.

Ọmọ náà tún ní kí wọ́n bu omi ọṣẹ sí i ná, kí ọkọ̀ ṣáà rìn lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Àṣà burúkú tó ti pẹ́ ni. Omi ń mú irin dógùn-ún, tí bíréèkì bá sì gbóná, omi á hó, á di oru. Oru ṣe é tẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi fùkẹ̀fùkẹ̀ ni, ẹsẹ̀ á wọlẹ̀, ọkọ̀ á máa lọ. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì náà ò dáa, ńṣe ló máa ń mú rọ́bà bíréèkì wú. Ọ́ìlì bíréèkì gan-an, DOT 3 tàbí DOT 4, ni wọ́n ń bù sí i.

Ibi tó le jù ni másítà sílíńdà. Wọ́n kọ́kọ́ ra rọ́bà rẹ̀ nìkan, ó ṣì ń jò, torí ìdógùn-ún ti gbẹ́ ihò sínú irin. Kò sí rọ́bà tó lè dí irú ẹ̀. Odidi ló kù tí wọ́n máa rà, Ìbàdàn ò sì ní. Àbúrò káfíńtà tó wà ní London ló bá a rí i, torí àwọn òyìnbó ibẹ̀ tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ṣì ń ra páàtì Ìjàpá.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìgbéyàwó ni páàtì dé. Takisí Micra ló ti gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n dè é, wọ́n fún afẹ́fẹ́ jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ tó jìnnà jù sí másítà. Wọ́n fi sukurudíráfà ṣún ṣuù mọ́ dúrọ́ọ̀mù lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí Ìjàpá kì í fúnra rẹ̀ ṣún un. Wọ́n wá gbé e gun Òkè Màpó, wọ́n ń sọ̀ bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Káfíńtà tẹ bíréèkì. Ó dúró gbọnin.

"Bàbá Ìyàwó," ni bàbá mẹkáníìkì wí, "ìgbà wo ni ìkómọ?"