Fífà Yàtọ̀ sí Rírù: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Jíìpù tí ń Fa Ilé

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ méjì nínú ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ a máa da òǹkàwé láàmú. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé ìtọ́ni awakọ̀ ni, ó lè pa á. Irú ewu bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ilé kékeré onítáyà tí àwọn ìdílé ní Amẹ́ríkà máa ń so mọ́ ìdí jíìpù ńlá nígbà ìsinmi, tí bàbá, ìyá àti ọmọ yóò wọ jíìpù, tí wọn yóò sì fa ibùsùn àti ilé ìdáná wọn tẹ̀lé ara wọn lọ sí ẹ̀bá adágún tàbí orí òkè. Àwọn Yorùbá tí ń gbé níbẹ̀ ń wa irú jíìpù bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ògbufọ̀ tí yóò bá kọ ìtọ́ni fún wọn ní èdè wọn mọ ohun tí òun ń sọ.

Orúkọ ohun náà gan-an ni ìṣòro àkọ́kọ́. Tírélà ni àwọn tí ó ni ín ń pè é, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti wọ èdè Yorùbá tipẹ́, ó sì ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀: ọkọ̀ akẹ́rù gbọọrọ tí ń ná ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá kọ ‘tírélà’ sílẹ̀ ti gbé àwòrán àpò sìmẹ́ńtì sí òǹkàwé lọ́kàn. ‘Ilé alágbèéká’ náà kò tọ́, nítorí kò sí ẹni tí ń gbé ilé yìí. Fífà ni wọ́n ń fà á. ‘Ilé àfàkiri’ ni ó sún mọ́ òótọ́ jù lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó léwu ju ti orúkọ lọ ni ‘ẹrù’. Iye méjì ni ẹni tí ó ṣe jíìpù máa ń sọ. Èkíní ni ìwúwo tí jíìpù lè fà. Èkejì ni ìwúwo ènìyàn àti ẹrù tí jíìpù fúnra rẹ̀ lè rù. Èyí ni wọ́n ń kọ sára ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Bí ògbufọ̀ bá pe méjèèjì ní ‘ìwọ̀n ẹrù’, èyí tí ó pọ̀ jù ni òǹkàwé yóò dì mú. Kò sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí èdè Yorùbá ti ya ‘fà’ sọ́tọ̀ kúrò lára ‘rù’ kí mọ́tò tó dé. Kí wọ́n máa pe èkíní ní ‘ìwọ̀n fífà’, kí èkejì sì jẹ́ ‘ìwọ̀n rírù’.

Ẹ̀kẹta wà láàárín wọn, òun ni ó sì le jù láti túmọ̀. Ẹni tí ó bá ti fa ọmọlanke lọ́jà mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí ẹrù bá pọ̀ sí iwájú, igi ọmọlanke yóò tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀; bí ó bá pọ̀ sí ẹ̀yìn, igi náà yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ilé àfàkiri pẹ̀lú ń tẹ ìdí jíìpù mọ́lẹ̀ níbi ìkọ́. Ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìwúwo rẹ̀ ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. ‘Ìwọ̀n orí-ìkọ́’ ni ó yẹ kí ó máa jẹ́, kí ìwé atúmọ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ara ìwọ̀n rírù ni ó wà.

Ẹ jẹ́ kí ìṣirò fi ìdí rẹ̀ hàn. Kí jíìpù kan lè fa kílò 3,600, kí ìwé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ sì sọ pé kílò 700 ni ó lè rù. Ilé àfàkiri tí ó wúwo tó kílò 3,000 dàbí ohun tí ó rọrùn fún un. Ṣùgbọ́n ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn, tí í ṣe kílò 360, ti jókòó sórí ìkọ́. Bàbá jẹ́ 85, ìyá 70, ọmọ mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 45 jẹ́ 180. Àròpọ̀ rẹ̀ di 695. Kílò márùn-ún péré ni ó ṣẹ́ kù, irin ìkọ́ nìkan sì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká má tíì sọ̀rọ̀ àpótí oúnjẹ nínú búùtù. Jíìpù náà ti rù kọjá agbára rẹ̀ nígbà tí ìwọ̀n fífà rẹ̀ ṣì ṣẹ́ kù kílò 600. Omi pẹ̀lú ń wúwo: lítà 150 nínú táǹkì ilé náà jẹ́ kílò 150.

Ilé àfàkiri tí iwájú rẹ̀ bá fúyẹ́ jù a máa ju ìrù. Bí afẹ́fẹ́ bá kọ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí bí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá bá sáré kọjá lára rẹ̀, ìdí rẹ̀ yóò máa fì sọ́tùn-ún sósì, yóò sì máa wọ́ ìdí jíìpù kiri. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ ni fífì náà ń le. (Ní ìpínlẹ̀ California, òfin kò gba ọkọ̀ tí ń fa òmíràn láyè láti sáré ju máìlì 55 ní wákàtí kan lọ.) ‘Mímì’ kò tó fún èyí, ẹ́ńjìnnì ń mì, gíláàsì ń mì. ‘Ìjùrù’ ni ó yẹ, kò sì sí ọmọdé tí kò rí ajá tí ń ju ìrù rí.

Ìtọ́ni ìjùrù ni kí awakọ̀ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí ó di sítíárìn mú ní ọ̀kánkán, kí ó má sì ṣe tẹ bíréèkì jíìpù lójijì. Bí bíréèkì ilé bá ní ohun ìfọwọ́tẹ̀ tirẹ̀, òun nìkan ni kí ó lò. Ẹni tí ó bá kọ ‘kí awakọ̀ dá ọkọ̀ dúró kíá’ ti túmọ̀ rẹ̀ sódì. ‘Ìjánu’ dùn létí ju ‘bíréèkì’ lọ, ṣùgbọ́n nínú ìwé tí ènìyàn ń kà nítorí ẹ̀mí rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ ń lò ni kí wọ́n kọ.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní 1990, kò kan ọ̀rọ̀ mọ́tò; èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó gbájú mọ́. Iṣẹ́ ṣì kù nílẹ̀. Ìkọ́ kan wà tí ó ní ọ̀pá méjì tí ń ti díẹ̀ nínú ìwúwo orí-ìkọ́ padà sórí táyà iwájú jíìpù àti táyà ilé. ‘Ìkọ́ apínwúwo’ bá a mu, bí àlàyé rẹ̀ bá ti sọ pé pínpín ni ó ń pín in, kò fi kílò kan ṣoṣo kún iye tí ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.