Ẹ Yọ Bíríkì Kan, Kí Ilé Pressing Lè Mí

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀ ní Atakpamé àti àgbègbè rẹ̀,  òjò ló bí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ.

Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, gbogbo wa la mọ ìyà tí aṣọ ń fi jẹ wá ní ìlú olókè yìí. A ó sá a láàárọ̀, òjò á dé lọ́sàn-án, a ó sáré kó o wọlé, yóò sì máa rùn. Ẹni tó ní aṣọ méjì mẹ́ta lè fara dà á. Ṣùgbọ́n ilé ìtura tó ní ogún bẹ́ẹ̀dì, àti àwọn ọmọ wa tó ṣí ilé pressing, wọn ò lè dúró de oòrùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ ńlá tó ń mú aṣọ gbẹ, èyí tó ń lo gáàsì. A ò lòdì sí i. Iṣẹ́ ni, oúnjẹ ọmọ ni. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹ̀rọ náà ń mí, ṣùgbọ́n yàrá tí wọ́n ń gbé e sí kò ní imú.

Ọ̀pọ̀ rò pé ooru nìkan ló ń mú aṣọ gbẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń kó omi lọ. Ẹ̀rọ náà ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá, ó ń mú un gbóná, ó ń fẹ́ ẹ gba àárín aṣọ, ó sì ń tì í jáde gba inú páìpù, tòun ti omi àti èérún òwú. Ẹ̀rọ ńlá kan lè ti afẹ́fẹ́ tó ju kúbíìkì mítà 10 lọ síta ní ìṣẹ́jú kan. Yàrá tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3, tó sì ga ní mítà 3, kúbíìkì mítà 36 péré ló wà nínú rẹ̀. Kí ìṣẹ́jú mẹ́rin tó pé, ẹ̀rọ ti ti ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó kún yàrá náà síta. Bí a bá ti ilẹ̀kùn, tí a ti fèrèsé, níbo ni òmíràn yóò gbà wọlé?

Ìyà mẹ́ta ló ń ti ibẹ̀ wá. Èkíní, aṣọ tó yẹ kó gbẹ kíá á pẹ́ gan-an, gáàsì á sì tán ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Èkejì, èérún òwú á ko jọ sínú páìpù, bẹ́ẹ̀ iná ń mú èérún òwú bí ó ṣe ń mú koríko ìgbà ọyẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ṣírò rẹ̀ pé láàárín ọdún 2008 sí 2010, nǹkan bí iná 2,900 ni ẹ̀rọ báyìí ń dá sílẹ̀ lọ́dọọdún nínú ilé àwọn èèyàn. Àìgbá èérún kúrò ló pọ̀ jù nínú ohun tó fà á.

Ẹ̀kẹta ló burú jù. Iná gáàsì tí kò rí afẹ́fẹ́ tó á bẹ̀rẹ̀ sí í tú monoxyde de carbone jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Agbára tó fi ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó ju 200. Orí á máa fọ́ èèyàn, òòyì á máa kọ́ ọ, èébì á máa gbé e, wọ́n á ní ibà ni. Ṣebí àwọn àgbà wa mọ̀ pé a kì í gbé ìkòkò ẹyin iná wọ yàrá ká tilẹ̀kùn sùn? Ọ̀kan náà ni. Gáàsì kàn ń ṣe tirẹ̀ láìsí èéfín ni.

Lásìkò òjò tó kọjá, a yà sí ilé pressing kan, a ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. A bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè. Ó ní onílé kò jẹ́ kí òun lu ògiri, aládùúgbò ẹ̀yìn náà sì ní wọn ò gbọdọ̀ fẹ́ ooru sí àgbàlá òun. Nítorí náà, wọ́n yí ẹnu páìpù sínú yàrá. Ẹ̀rù ògiri ń ba onílé, kò jẹ̀bi. Aládùúgbò náà kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ta ló ń san gbèsè rẹ̀? Ọmọ ọlọ́mọ tó ń gba owó oṣù ni.

Báwo wá ni ihò náà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó? Òfin gáàsì Amẹ́ríkà ní kí àyè ìwọlé afẹ́fẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 22 fún kílówáàtì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tó ní kílówáàtì 20 ń fẹ́ 440. Bíríkì sìmẹ́ńtì kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40, tó ga ní 20, bí a bá yọ ọ́, 800 ni àyè rẹ̀. Bíríkì kan ṣoṣo! Ẹ fi irin dí i nítorí olè, àyè ṣì kù. Ẹ̀rọ méjì ń fẹ́ bíríkì méjì. Kí páìpù ìjáde sì gòkè kọjá òrùlé, kó jìnnà sí ihò ìwọlé, ooru ò ní dé àgbàlá ẹnikẹ́ni. Ẹ má fi nẹ́ẹ̀tì sẹ́nu rẹ̀ o, èérún á dí i.

Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ẹ̀yin onílé, bí ẹ bá lè gba owó yàrá lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbé ẹ̀rọ yìí síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó yọ bíríkì. Ẹ̀yin olóyè, ìbáà jẹ́ ní Gnagna, ìbáà jẹ́ ní Djama, ọ̀ràn onílé, ayálégbé àti aládùúgbò, iwájú yín ló ń wá. Ẹ parí rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ Ogou 1, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2019 ni ìlú tún dìbò yan ìgbìmọ̀ lẹ́yìn ọdún 32. Kì í ṣe torí owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà nìkan la fi tò sórí ìlà. Kí mairie tó fọwọ́ sí ìwé ilé pressing tuntun, kí ẹnì kan lọ wo ògiri. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gbá èérún lójoojúmọ́, ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín nídìí ẹ̀rọ, ẹ pa gáàsì, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ jáde síta, kí ẹ wá lọ sílé ìwòsàn.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àgbà wa wà lọ́jà. Ẹ bá wa wo ògiri wọ̀nyí kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé.