Ọkọ̀ Òfurufú Háyà: Ta Ni Yóò Ní Kí Ó Má Gbéra?

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ọkọ̀ òfurufú Embraer 120 kan tí a háyà gbéra ní Ìkẹjà láti gbé òkú Olóògbé Olúṣẹ́gun Agagu, gómìnà tẹ́lẹ̀ rí ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lọ sí Àkúrẹ́. Ènìyàn 20 ni ó wà nínú rẹ̀. Kò lo ìṣẹ́jú kan lójú òfurufú tí ó fi já lulẹ̀. Ènìyàn 16 ni ó bá a lọ.

Ìròyìn àjọ AIB, tí ń ṣe ìwádìí ìjàm̀bá ọkọ̀ òfurufú nígbà náà, yẹ fún àròjinlẹ̀. Ó ti lé ní oṣù kan tí ọkọ̀ náà ti wà nílẹ̀ láìfò. Bí ó ti ń sáré lórí pápá ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé àwọn abala ìyẹ́ tí ń ran ọkọ̀ lọ́wọ́ láti gbéra kò sí ní ipò tí ó yẹ. Ẹ̀rọ kò dákẹ́. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní iyàrá awakọ̀ sì fi hàn pé igbe náà kò jọ àwọn awakọ̀ lójú. Ibi tí ẹ̀rù ti bà wá jù nìyí, nítorí ìkìlọ̀ tí kò ya ènìyàn lẹ́nu mọ́ ti di ohun tí ó mọ́ ọn lára. Àjọ náà kò fi ọ̀rọ̀ mọ sọ́dọ̀ awakọ̀ nìkan. Ó mẹ́nu ba àṣà tí kò dára nínú ilé-iṣẹ́ náà àti àìtó àbójútó àwọn aláṣẹ.

A kò di ẹ̀bi ru àwọn tí ó háyà ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti háyà bọ́ọ̀sì rí láti Ìbà tàbí Òkukù lọ síbi ìsìnkú mọ bí ó ti ń rí. Aago ti wà nínú ìwé ìpè, àlejò ti dé, ìkòkò ti wà lórí iná. Bí dẹ́rẹ́bà bá ní bíréèkì kò dá òun lójú, ojú wo ni a óò fi wò ó? Ọkọ̀ òfurufú háyà kò yàtọ̀. Oníbàárà kan ṣoṣo ni, owó ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí ọkọ̀ kò bá fò, onílé-iṣẹ́ kò rí nǹkan mú lọ sílé.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 2024, hẹlikópítà háyà kan já ní aṣálẹ̀ Mojave ní Amẹ́ríkà, ó sì pa ènìyàn 6, tí Herbert Wigwe, ọ̀gá àgbà Access Holdings, wà lára wọn. Ẹ̀rọ tí ń sọ bí ọkọ̀ ti ga tó sí ilẹ̀, èyí tí òfin ibẹ̀ sọ di dandan, kò ṣiṣẹ́. Wọ́n tún un ṣe tì, síbẹ̀ wọ́n gbéra lóru, nínú ojú ọjọ́ tí kò dára. Àwọn olùwádìí fi kún un pé ilé-iṣẹ́ náà kò bójú tó ètò ààbò rẹ̀ bí ó ti yẹ.

Ní Nàìjíríà, ìwé àṣẹ AOC láti ọ̀dọ̀ àjọ NCAA ni ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní kí ó tó gba owó gbé èrò. Ìwé àṣẹ ọkọ̀ aládàáni, PNCF, kò fàyè gba èyí, àjọ náà sì dá ti àwọn kan dúró ní ọdún 2024 lórí ọ̀ràn yìí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ óò háyà, ẹ béèrè fún AOC kí ẹ tó sanwó. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú àdéhùn pẹ̀lú pé bí awakọ̀ bá ní òun kò fò, ẹnikẹ́ni kò ní bu owó rẹ̀, ẹ ó sì gba owó yín padà tàbí kí a sún ọjọ́ síwájú.